Ṣáájì: Ẹrù Ni, Kì í Ṣe Agbára

Ẹni tó bá tún kọ «iná rere» àti «iná búburú» síwájú ọmọ iléèwé, ẹ bá mi gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló sọ fún un pé iná ń hùwà ọmọlúàbí? Oríṣi méjì, positive àti negative, tí ohun tí Òyìnbó ń kọ ní charge pín sí nínú ìmọ̀ iná ló ń wá orúkọ fún, ọ̀rọ̀ kan náà tí gbogbo wa ń pè ní ṣáájì láti Ìlọrin dé Peckham ní London. Ó kùnà torí pé kò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ṣáájì jẹ́. Ẹrù ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tó ń túmọ̀ ìwé fa ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò gbà fún mi, èmi náà ò sì gbà fún wọn.

Látìnì ni ìdí ọ̀rọ̀ náà. Carrus ni kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ẹrù. Ará Faransé gbà á, ó sọ ọ́ di charger, ìyẹn ni pé kéèyàn di ẹrù lé nǹkan. Ọwọ́ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. Láti ìgbà náà, ibi tí wọ́n bá ti rí ohun tí wọ́n lè gbé ẹrù lé ni wọ́n ń gbé e lé. Wọ́n gbé ẹ̀tù sínú ìbọn, charge ni. Wọ́n gbé ẹ̀ṣẹ̀ ka èèyàn lọ́rùn ní kọ́ọ̀tù, charge ni. Wọ́n gbé owó lé oníbàárà, charge náà ni. Wọ́n fi wọ́ọ̀dù sí ìkáwọ́ nọ́ọ̀sì, ó di ínṣáájì. Ti àwọn ọmọ ogun tó ń fi ẹṣin rọ́ lu ọ̀tá nìkan ló dà bíi pé ó yà bàrá, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Yorùbá ò nílò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ìwọ̀nyẹn. Àwa ń ki ìbọn, à ń fẹ̀sùn kan èèyàn, à ń bu owó fún oníbàárà, à ń fi iṣẹ́ sí ìkáwọ́ ẹni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gírí, kò sí èyí tó ń du àyè mọ́ èkejì lọ́wọ́. Síbẹ̀, mo mọ àwọn kan tí inú wọn kì í dùn àfi kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gba ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, bí ẹni pé ìgbéyàwó ni. Irú wọn ni yóò kọ ọ́ pé bátìrì ti gba ẹ̀sùn.

Àwọn ará ìgboro gbọ́n jù wọ́n lọ. Ládùúgbò tí iná ìjọba kì í ti í dúró, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ló ń bá wa ṣáájì fóònù, òun náà ló sì ń ṣáájì wa, a ò sì tíì rí ẹni tó ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Lọ́yà tó ń rìn káàkiri ẹnu ọ̀nà kọ́ọ̀tù kékeré tó ń wá oníbàárà, ṣáájì-àti-béèlì ni wọ́n ń pè é. Níbi ọ̀rọ̀ báńkì nìkan ni mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń da nǹkan rú: látìgbà Òfin Ìṣúná 2020 ni wọ́n ti ń yọ ₦50 lórí owó tó bá tó ₦10,000 sókè téèyàn bá fi ránṣẹ́ látorí ẹ̀rọ, gbogbo èèyàn sì ń ṣépè fún báńkì nítorí ṣáájì. Ìjọba ló ni owó yẹn. Irú owó orí ni, kì í ṣe owó iṣẹ́ báńkì.

Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní fisíìsì gan-an ni ìjà mi. Agbára ni wọ́n ń pe ṣáájì iná, wọ́n á ní «agbára iná». Kí ni wọ́n wá fẹ́ pe power, èyí tí à ń fi wáàtì wọ̀n? Agbára. Energy, èyí tí à ń fi júùlù wọ̀n ńkọ́? Agbára. Force, èyí tí à ń fi níútìnnì wọ̀n? Agbára ṣáá ni. Ọ̀rọ̀ tó ti ń ru mẹ́ta tẹ́lẹ̀, wọ́n tún gbé ìkẹrin lé e lórí, lẹ́yìn náà wọ́n á máa nà ọmọ pé kò mọ ìyàtọ̀. Ẹrù iná ni kí wọ́n máa kọ. Ẹrù ṣeé kà, ó ṣeé gbé láti ibì kan dé ibòmíràn, kì í sì í ṣàdédé pọ̀ sí i tàbí kó pòórá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ohun tí à ń sọ yìí ṣe ń hùwà. Kúlọ́ọ̀mù ni òṣùwọ̀n ẹrù iná, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ni àwọn bíńtín inú nǹkan tó ń ru iná nínú wáyà. Kúlọ́ọ̀mù kan jẹ́ ẹrù ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó lé ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù mílíọ̀nù mẹ́fà. Ta ló ń ka agbára báyẹn?

Ti rere àti búburú wá ńkọ́? Ní 1747, Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí iná, kọ lẹ́tà láti Philadelphia pé ohun kan ṣoṣo ni iná tó wà lára nǹkan: èyí tó bá pọ̀ jù lára rẹ̀, ó fi àmì àròpọ̀ sí i, èyí tó bá din lára rẹ̀, ó fi àmì àyọkúrò sí i. Ìṣírò lásán ni. Òun náà ló yá orúkọ battery lọ́dọ̀ àwọn ológun tó ń to àgbá jọ sójú kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìbọn ni bátìrì, àtẹnu ọmọ ogun ló ti wá. Ṣùgbọ́n Franklin ò lè rí inú wáyà, ó kàn mú ẹ̀gbẹ́ kan ni. Nígbà tí J. J. Thomson, onímọ̀ fisíìsì ará Gẹ̀ẹ́sì, fi máa rí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní 1897, ẹ̀gbẹ́ àyọkúrò ló bọ́ sí. Ìdí nìyí tí ohun tó ní ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní àníjù fi ń gba àmì pé ó dín, tí àwọn oníwáyà sì ń ya ọfà iná sí ibi tó yàtọ̀ sí ibi tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń rìn sí. Ẹrù alámì àròpọ̀, ẹrù alámì àyọkúrò: orúkọ tí mo fọwọ́ sí nìyẹn. Wọ́n gùn, mo mọ̀. Àmọ́ wọn ò purọ́ mọ́ iná.

Níbi fóònù ni mo ti máa ń borí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi. Wọ́n rò pé tí fóònù bá ń ṣáájì, ńṣe ni nǹkan kan ń wọ inú rẹ̀ tó ń kún un. Ẹ gbé ojú lọ sí Ìbàdàn, ká fi ìlú náà ṣe bátìrì. Ọjà'ba wà nísàlẹ̀, Mápó wà lórí òkè. Ká ní àpò ẹrù ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ti dí gbogbo ọ̀nà, tí àpò kan ò lè wọlé tí kan ò lè jáde. Ṣáájà ni ẹni tó ń sanwó fún àwọn alábàárù kí wọ́n máa ru àpò láti Ọjà'ba gun Mápó. Nígbà tí òkè bá kún tí kò gbà mọ́, fóònù á kọ 100 síwájú. Ẹ yọ ṣáájà, ẹ tan fóònù: àwọn àpò á máa yí gbirigbiri bọ̀ nísàlẹ̀, ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tí ẹ fi ń rí iná tí ẹ sì ń gbọ́ ohùn. Ẹ ka àpò láàárọ̀, ẹ tún un kà lálẹ́, ẹgbẹ̀rún náà ni. Ohun tí ṣáájà fi kún ìlú ni òógùn àwọn alábàárù, òun ni agbára. Ẹrù ò pọ̀ sí i. Bátìrì tí wọ́n kọ 5,000 mAh sí lára ní Computer Village ní Ìkẹjà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó lè gbé ẹrù 18,000 kúlọ́ọ̀mù gòkè kó tó kún.

Alábàárù tí mo sì dárúkọ yìí, mi ò dédé mú un. Ẹ bi àwọn èèyàn wa ní Bahia, ní Brazil. Lédè Potogí, carregador ni ẹni tó ń ru ẹrù lọ́jà, carregador náà ni ṣáájà fóònù. Àwọn Nagô, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó nílẹ̀ Yorùbá lọ síbẹ̀ lẹ́rú, ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fi orí àti èjìká ru ẹrù ní Salvador, olú-ìlú Bahia. Ní 1857, ìjọba ìlú ní kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n sì máa gbé àmì irin kọ́ ọrùn. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, iṣẹ́ sì dúró níbùdókọ̀ òkun ìlú náà. Ará Bahia ò ní bá mi jiyàn lórí ẹrù.

Oníwáyà kan ló kó mi láyà jẹ díẹ̀: ó ní tí a bá ti lo ẹrù fún ṣáájì, kí ni òun yóò wá pe lóòdù, àwọn fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù tí òun ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má tò jọ sórí jẹnẹrétọ̀? Lóòdù náà ni kó máa pè é. Mi ò tíì gbọ́ oníwáyà tó pe fíríìjì ní ẹrù, àfi lọ́jọ́ tó ń kó lọ sílé tuntun.

Ó ku discharge, tí í ṣe pé kéèyàn sọ ẹrù kalẹ̀. Bátìrì ń ṣe é, ìyẹn ò ní wàhálà. Ilé ìwòsàn ń ṣe é, wọ́n ní kí aláìsàn máa lọ sílé. Ti kọ́ọ̀tù ni àwọn oníròyìn wa ń bà jẹ́ lójoojúmọ́. Tí adájọ́ bá ní òun tú olùjẹ́jọ́ sílẹ̀, wọ́n á sáré kà á lórí rédíò pé «kọ́ọ̀tù ti dá a láre». Kò tíì dá a láre. Ẹrù ló kúrò lórí rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ìjọba ṣì lè padà wá gbé e rù ú. Àfi tí adájọ́ bá sọ méjèèjì pọ̀, pé òun tú u sílẹ̀, òun sì dá a láre, ni ọ̀rọ̀ náà tó tán ní kọ́ọ̀tù yẹn.