Iye ẹnu oko iná oòrùn kọ́ ni iye orí mítà

Ní oṣù Keje ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ 14 tọwọ́ bọ̀wé pé wọn yóò máa ra iná oòrùn lọ́wọ́ wọn fún ogún ọdún, ní sẹ́ǹtì 11.5 owó Amẹ́ríkà lórí yúnìtì kan. Nígbà tí dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bíi náírà 300, sẹ́ǹtì yẹn ò pé náírà 35. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí ó kéré tán fún lójúmọ́, di náírà 225 lórí yúnìtì kan. Àwọn tó bá gbé nọ́ńbà méjèèjì síra a máa ní olè ti wọ̀ ọ́. Àfiwé yẹn ni kò tọ́.

Ta ni yóò lọ sí Odò Ògbè n'Ífẹ̀, tí yóò ní kí wọ́n ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fóun ní iye tí àgbẹ̀ Ìfẹ̀tẹ̀dó tà á lóko? Alágbàtà ti san owó ọkọ̀, ó ti san owó aláàárù, èyí tó sì jẹrà lọ́nà, orí èyí tó dára ló máa gbé owó rẹ̀ lé. Sẹ́ǹtì 11.5 yẹn, iye ẹnu oko ni. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ oko iná oòrùn náà wà. Iná ibẹ̀ ní láti gba orí wáyà ńlá tí wọ́n ń darí láti Òṣogbo, kó tó kan IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, kó tó kan trànsífọ́mà àdúgbò, kó tó tan gílóòbù ní Lágere.

Ọ̀nà yìí gan-an ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń jẹrà. Ká ní yúnìtì 100 bọ́ sórí wáyà, tí 70 péré mówó wọlé. Nínú ìyókù, òmíràn di ooru lára wáyà, òmíràn gba orí wáyà tí wọ́n fà lóru wọlé ẹni tí kò ní mítà, òmíràn di gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò san. Ohun tí wọ́n rà ní náírà 35 ti di 50 lórí ẹni tó ń sanwó, a ò sì tíì ka owó wáyà.

Ibi tí àdéhùn náà ti gbọ́n ni pé ẹnikẹ́ni kì í ra oòrùn. Iye owó gáàsì lè yí padà lọ́la. Ti oòrùn, owó pánẹ́ẹ̀lì àti gbèsè tí wọ́n fi rà á ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè dá iye kan fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi dá a. Bí dọ́là ṣe di náírà 1,500, sẹ́ǹtì 11.5 kan náà ti ju náírà 170 lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni yí àmì ìdánudúró kan padà nínú ìwé. Náírà sì ni owó oṣù àwọn ará Ifẹ̀. Ó bani lọ́kàn jẹ́ pé ẹni tí kò sí níbi àdéhùn ni wọ́n di ẹrù yẹn lé lórí. Kí dọ́là tó dé ibẹ̀ ni ìjọba ti ní kí wọ́n já a sí sẹ́ǹtì 7.5. Awuyewuye ọ̀hún pẹ́ títí, ọ̀pọ̀ nínú oko náà kò sì di iná.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àfiwé tó péye, kó gbé sẹ́ǹtì 11.5 ti iná oòrùn ọ̀sán gangan sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ìjọba ń ra iná gáàsì lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ rẹ̀, ní wákàtí kan náà. Aago mẹ́jọ alẹ́ tún yàtọ̀: oòrùn ti wọ̀, ibòmíràn ni wọ́n ti ń ra iná ìgbà yẹn, iye tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.