Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní ìgbèríko Amẹ́ríkà

Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní ìgbèríko Amẹ́ríkà ni ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn ọmọ abúlé àti ìletò ń lọ, láti kíláàsì kẹsàn-án dé ìkejìlá. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lórílẹ̀-èdè náà, bí ẹnì kan ló ń kàwé ní ìgbèríko.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń díwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ ni iye ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí láàárín ọdún mẹ́rin. Wọ́n á ka gbogbo àwọn tó jọ wọ kíláàsì kẹsàn-án, wọ́n á fi àwọn tó kó wọ̀lú kún un, wọ́n á sì yọ àwọn tó kó lọ. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde lọ́dún ẹ̀kọ́ 2010 sí 2011. Nígbà tó di 2018 sí 2019, ó ti tó 86. Àwọn ọmọ ìgbèríko máa ń ta àwọn ti ìlú ńlá yọ níbi èyí, àmọ́ àwọn tó ń lọ sí yunifásítì nínú wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó gba ìṣọ́ra jù lọ nìyí: níbi tí ọmọ 20 péré ti jọ ń jáde, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ kan ṣoṣo. Bí ọmọ méjì bá pa ẹ̀kọ́ tì, èsì 100 ti di 90 nìyẹn, bí iṣẹ́ àwọn olùkọ́ kò tilẹ̀ yí padà rárá. Kò tọ́ kí a fi èsì ọdún kan dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́; àkópọ̀ ọdún bíi mélòó kan ló ṣeé gbára lé. Òfin Every Student Succeeds Act ti 2015 ní kí wọ́n ya èsì sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, fún àwọn aláìní, àwọn abirùn àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ inú ìsọ̀rí kan kò bá pọ̀ tó, wọn kì í gbé èsì ìsọ̀rí náà jáde, kí ará àdúgbò má baà mọ ọmọ ẹni tó fìdí rẹmi.

Aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù ní ìgbèríko lápapọ̀. Ní Mississippi Delta, agbègbè kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀. Ní ilẹ̀ àwọn Navajo, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ló pọ̀. Àwọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kì í sì í fìgbà gbogbo bá ti ará ìlú mu. Ní 1969, nínú ẹjọ́ tó ti Holmes County ní Mississippi wá, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun dópin lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí aláwọ̀ funfun ní ìpínlẹ̀ náà bá kó ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ipa rẹ̀ sì ṣì hàn títí di òní.

Iye ọmọ tó ń gba oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ nílé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń mọ iye ọmọ aláìní. Láti ìgbà tí òfin 2010 ti jẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí òṣì pọ̀ níbẹ̀ lè bọ́ gbogbo ọmọ láìgba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ òbí, iye náà kò fi bẹ́ẹ̀ sọ bí òṣì ṣe tó mọ́.