Kì Í Ṣe Gbogbo Ohun Tó Ń Ṣe Yín Ni Ìbínú

Ní ọ́fíìsì mi ní Kubwa, ní Àbújá, níbi tí mo ti ń gba àwọn tọkọtaya àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìmọ̀ràn, gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ títí tí ó fi sú mi. Ẹni tó bá wọlé yóò jókòó, yóò dojú fóònù rẹ̀ dé orí tábìlì, n ó béèrè ohun tó ń ṣe é, yóò sì dáhùn pé, "Mà, inú ló ń bí mi." Ọkùnrin tí wọ́n fo orúkọ rẹ̀ nígbà ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, inú ló ń bí i. Obìnrin tí ìyá rẹ̀ ṣaláìsí ní Ìlọrin nígbà tí òun wà nínú ìpàdé ní Sẹkitéríàtì, inú ló ń bí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò rí owó ilé san ní Lugbe, tí ẹ̀rù ọ̀la ń bà, inú ló ń bí òun náà. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló sọ fún yín pé inú kò mọ ohun mìíràn ṣe ju kí ó bíni lọ?

Ó ń yà mí lẹ́nu pé ọmọ Yorùbá ló ń ṣe èyí, nítorí èdè wa kò fi ọ̀rọ̀ tí a fi ń dárúkọ ohun tó ń lọ nínú ẹni ṣahun rárá. Bí ohun tí ẹ fẹ́ràn bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ó dùn yín ni. Bí wọ́n bá tú àṣírí yín lójú àwùjọ, ojú tì yín. Bí fóònù bá dún lóru, àyà yín já. Bí ẹ bá ń retí ìròyìn tí kò dé, ọkàn yín kò balẹ̀. Bí ẹ bá ti wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Mararaba dé Nyanya láti ìdájí, àárẹ̀ ni, oorun ló sì ń wò ó, kì í ṣe pé kí ẹ wá ẹni tí ẹ máa bá jà nílé. Owú náà yàtọ̀ sí ìlara: owú ń ṣọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni kí ẹlòmíràn má bàa gbà á, ìlara sì ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo ti lo odidi wákàtí kan lórí ìyàtọ̀ yìí nìkan pẹ̀lú oníbàárà kan, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Peter Salovey àti John Mayer, ṣàlàyé ọgbọ́n yìí, tí wọ́n pè ní emotional intelligence, ní ọdún 1990 gẹ́gẹ́ bí agbára láti kíyè sí ohun tó ń lọ nínú ara ẹni àti nínú ẹlòmíràn, láti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, kí a sì fi ohun tí a ti mọ̀ tọ́ èrò àti ìṣe wa sọ́nà. Gbogbo ènìyàn ló ń sáré lọ sí apá ìkẹyìn, wọ́n ń bi mí bí wọn yóò ṣe kó ara wọn níjàánu, bẹ́ẹ̀ sì ni yíyà sọ́tọ̀ tó wà láàárín ni iṣẹ́ gan-an. Ní ọdún 2007, Matthew Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of California ní Los Angeles fi ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ wo àwọn ènìyàn bí wọ́n ti ń wo àwòrán ojú tó fajú ro tàbí tí ẹ̀rù hàn lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dárúkọ ohun tó hàn lójú náà, iṣẹ́ amygdala, ẹ̀yà ọpọlọ kékeré tí ń ta wá lólobó pé ewu ń bọ̀, rọlẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n ní kí wọ́n kàn mú orúkọ ènìyàn tó bá ojú náà mu lọ. Ẹni tó bá pe ìtìjú ní ìbínú yóò wá ẹni tí yóò bá jà, nítorí ìbínú ń fẹ́ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ìtìjú ń fẹ́ ẹni tí a lè finú hàn, ìbànújẹ́ sì ń fẹ́ ẹni tí yóò bá wa jókòó.

Ibi tí sùúrù mi ti ń tán ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń pe ara wọn ní kóòṣì ní ìlú Àbújá yìí. Ẹni tó lo ọjọ́ méjì níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì yóò gba ìwé ẹ̀rí, yóò sì gbé pátákó sókè pé òun ń tún ìgbéyàwó ṣe. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gba oyè àkọ́kọ́, mo tún padà lọ gba ìkejì, mo sì jókòó ti àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn kí wọ́n tó jẹ́ kí n dá wà pẹ̀lú aláìsàn kan; ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, ó tọ́ sí mi. Bákan náà ni àwọn tó ń sọ fún yín pé ẹ̀mí ìbínú láti ìdílé baba yín ló ń bá yín jà. N kò bá ẹ̀sìn jà, Sọ́ńdè kì í bá mi nílé, ṣùgbọ́n baba tó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí pé wákàtí mẹ́rin ló ń sùn lóru kò nílò òróró, ibùsùn ló nílò. Ti àwọn tó ń ta ọṣẹ kí ọ̀gá lè yọ́nú sí yín, n kò ní í dá sí i.

Ní ti ẹlòmíràn, orúkọ tí ẹ bá fún ohun tó wà nínú rẹ̀, ìbéèrè ni, kì í ṣe ìdájọ́. Akọ̀wé kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ fi ọdún kan gbáko di ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ Fúlàní sínú, nítorí pé ọ̀gá náà kò sọ ju gbólóhùn kan lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ẹ̀kọ́ ilé tí àwọn Fúlàní ń pè ní pulaaku ka fífi ìrora àti ayọ̀ pamọ́ sí ìwà ọmọlúàbí. Munyal, ìyẹn ìfaradà, àti semteende, ìyẹn ìtìjú tó yẹni, wà lára òpó rẹ̀. Títí di ìjókòó wa kẹta, akọ̀wé yìí gbàgbé láti sọ fún mi pé ọ̀gá náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ilé òun ní Karu láti sọ gbólóhùn kan náà.

Ìtàn tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá àwọn onítọ̀hún mọ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan kọ́ ilé parí, wọn kò sì san owó rẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Láàárín àkókò náà ni wọ́n gbé ìyàwó náà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ga lẹ́nu iṣẹ́, òun ló sì rọra san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ní táàmù yẹn. Láti ọjọ́ náà ni iyọ̀ ti ń pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, tí ariwo tẹlifíṣọ̀n sì ń pọ̀ jù nínú pálọ̀. Ọkọ gba ọ̀dọ̀ kóòṣì lọ, ó san 150,000 náírà, kóòṣì sì kọ́ ọ pé kí ó gba àṣẹ ilé rẹ̀ padà: kí ó má jẹ oúnjẹ obìnrin náà, kí ó má sì dá a lóhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn! Ìyàwó gbà pé ọkọ òun ti rí obìnrin mìíràn, ó pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀fà, wọ́n wọkọ̀ wá, wọ́n bi ọkọ léèrè ohun tó dé, ó sì dá wọn lóhùn pé inú ló ń bí òun.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, mo fòfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ìbínú nínú yàrá mi. Inú bí ọkọ sí òfin náà, ìyẹn dá mi lójú. Ó wo fáànù títí, ó ní ọ̀rọ̀ náà ń dun òun. Mo ní kí ó máa bá a lọ. Ó ní ọkàn òun kò balẹ̀. Mo ní kí ó máa bá a lọ. A dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń kiri ọ̀pá ìrèké lójú títì. Lẹ́yìn náà ni ó sọ, láì wo ojú ẹnikẹ́ni, pé, "Ojú rẹ̀ ń tì mí, mà. Láti ọjọ́ tó ti san owó yẹn." Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí i, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe ń bá iyọ̀ jà láti oṣù kẹta?" Wọ́n ṣì ń wá sọ́dọ̀ mi. Owó iṣẹ́ náà kò tíì wọlé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ka èyí, yóò sì lọ sọ fún obìnrin tí ọkọ ń lù pé ìtìjú ló ń ṣe ọkọ rẹ̀, kí ó fara dà á. N kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń na ìyàwó rẹ̀ kì í na ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó sì mọ̀ ọ́n dáwọ́ dúró bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ kọ́ ló wọ́n ọn. Òfin tó de ìwà ipá sí ènìyàn, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015, múlẹ̀ ní Àbújá níbí, NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti òwò ènìyàn, ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Kí ẹni tí ọ̀ràn bá kàn kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí dókítà kọ ohun tó rí lára rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì mú ìwé náà lọ fẹjọ́ sùn. Ọ̀dọ̀ tèmi lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.