Iboga: egbò igbó Gàbọ́n àti ìtọ́jú bárakú oògùn olóró

Iboga ni igi kékeré kan tí ń hù lábẹ́ àwọn igi ńlá nínú igbó kìjikìji Gàbọ́n, Kamẹrúùnù àti Kóńgò. Tabernanthe iboga ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Èèpo egbò rẹ̀ korò gan-an, èròjà tí ó sì lágbára jù nínú rẹ̀ ni ibogaine. Ẹni tó bá jẹ èèpo náà díẹ̀, oorun á dá lójú rẹ̀, àárẹ̀ á fò lọ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ púpọ̀ á dùbúlẹ̀ láti alẹ́ mọ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì máa rí ìran. Láti ọdún 1962 ni wọ́n ti ń sọ ní òkè òkun pé ibogaine lè mú kí ẹni tí hẹrọ́ìnì tàbí mọ́fínì ti di bárakú fún jáwọ́ láìjẹ ìyà tó sábà máa ń tẹ̀ lé e. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ibùdó ìtọ́jú aládàáni tó wà ní Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ mìíràn dúró lé. Ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́rìí pé ibẹ̀ ni àwọn ti rí ìtúsílẹ̀. Àwọn mìíràn kò padà délé, torí ibogaine máa ń da ìlù ọkàn rú.

Láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Bwiti

Kí iboga tó di ohun tí dókítà ń wọ̀n sínú kápúsù, inú ẹ̀sìn ni ó wà. Àwọn ẹ̀yà Mitsogo àti Apindji ní Gàbọ́n ni a gbà pé ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn Bwiti. Ọwọ́ wọn ni àwọn Fang ti gbà á ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì po ẹ̀kọ́ Kristẹni mọ́ ọn. Ìjọba amúnisìn Faransé àti àwọn míṣọ́nnárì gbógun tì í, ṣùgbọ́n wọn ò rí i pa run. Léon M'ba, tó di ààrẹ àkọ́kọ́ Gàbọ́n, wà lára àwọn tó bá wọn ṣe é. Ní ọdún 2000, ìjọba orílẹ̀-èdè náà kéde iboga ní ogún ìbílẹ̀.

Banzi ni wọ́n ń pe ọ̀gbẹ̀rì tó fẹ́ wọ awo. Nganga ni àgbà awo tó ń darí ètò. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kí banzi jẹ́wọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa fún un ní èèpo egbò díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kún un. Á bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní gbà á dúró mọ́. Orin kò ní dá títí ilẹ̀ á fi mọ́: háàpù olókùn mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní ngombi ń dún, mongongo náà ń dún, ìyẹn ọrun olókùn kan tí wọ́n ń fi ẹnu gbé ohùn rẹ̀ jáde. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹ̀mí banzi ti rìnrìn àjò lọ bá àwọn baba ńlá rẹ̀, orin ni yóò sì fi mọ ọ̀nà bọ̀ wá.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ lóye ìtọ́jú òde òní fi sọ́kàn jù nínú gbogbo èyí ni pé wọn kì í fi banzi sílẹ̀ lóun nìkan. Ó ní ẹni tó jẹ́ bàbá fún un àti ẹni tó jẹ́ ìyá fún un nínú awo. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa wo bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe, wọ́n á sì dáwọ́ egbò dúró bí wọ́n bá rí i pé ó tó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti di ọmọ agbo ilé kan, àwọn tó tọ́jú rẹ̀ lóru náà ni yóò sì máa rí lójoojúmọ́. Nígbà tí egbò yìí wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun, òun nìkan ló lọ. Àwọn èèyàn yìí kò bá a lọ.

Lotsof àti hẹrọ́ìnì

Ọdún 1901 ni àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ní Faransé yọ ibogaine jáde láti inú egbò. Láti àwọn ọdún 1930, wọ́n ta oògùn oníhóró kan fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Faransé tí ń jẹ́ Lambarène, èyí tí wọ́n fi igi tó bá iboga tan ṣe. Ibogaine inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Okun ni àwọn tó ń lò ó ń wá.

Ọwọ́ Howard Lotsof ni nǹkan ti yí padà. Ọmọ ọdún 19 ni ní New York lọ́dún 1962, hẹrọ́ìnì sì ti di bárakú fún un. Kì í ṣe ìwòsàn ló ń wá tó fi lo ibogaine. Ìran tí wọ́n ní ó máa ń múni rí ló fẹ́ rí. Ẹni tí hẹrọ́ìnì ti wọ̀ lára mọ ohun tó ń dúró dè é bí kò bá rí i lò láàárín ọjọ́ kan: imú á máa ṣàn, inú á máa lọ, eegun á máa ro ó, òtútù àti ooru á jọ máa mú un, oorun kò ní kùn ún rárá. Nígbà tí ojú Lotsof wálẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí, ó ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tó ṣe òun, ọkàn òun kò sì fà sí hẹrọ́ìnì. Ó fún àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan tí wọ́n ń lo hẹrọ́ìnì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sọ ohun kan náà.

Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn kò kọbi ara sí i. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, òfin Amẹ́ríkà ti ka ibogaine mọ́ àwọn oògùn tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti ní lọ́wọ́. Lotsof kò jẹ́ kó rọ̀ ọ́. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣàwárí lórí lílò rẹ̀ fún bárakú ní 1985, ó sì bá àwọn tó ń lo hẹrọ́ìnì ní Nẹ́dálándì ṣiṣẹ́ títí ọ̀dọ́mọbìnrin kan fi kú lẹ́yìn ìtọ́jú ní 1993. Ọdún 1993 yìí kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí Deborah Mash ti Yunifásítì Miami bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀ lára èèyàn. Ní 1995, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìwádìí lórí oògùn olóró kọ̀ láti náwó sí i mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Mash ṣí ilé ìtọ́jú sí erékùṣù St. Kitts. Ọ̀nà tí ìtọ́jú yìí gbà di ti òkèèrè nìyẹn: ilẹ̀kùn ilé tì, àwọn aláìsàn sì ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá a níbi tí òfin kò ti sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lotsof kú ní 2010, ilẹ̀kùn náà ṣì tì.

Inú àwọn ibùdó

Mẹ́síkò ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù, pàápàá ní Tijuana àti Rosarito tí wọn kò jìnnà sí bodè Amẹ́ríkà, àti ní Cancún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń gbà, aláìsàn sì máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Àwọn kan jẹ́ ilé ìwòsàn gidi, tí dókítà àti nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn tọ̀sán-tòru. Àwọn mìíràn kò ju ilé etí òkun lọ, níbi tí ẹni tí òun náà ti rí ìtúsílẹ̀ rí ti ń fún ẹlòmíràn lóògùn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lè jẹ́ ìyàtọ̀ ìyè àti ikú, bẹ́ẹ̀ ni kò hàn nínú àwòrán tí wọ́n fi ń polówó.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, àyẹ̀wò ló ń ṣíwájú. Wọ́n á ka ìlù ọkàn, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá pọtásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù pé nínú rẹ̀, wọ́n á yẹ ẹ̀dọ̀ wò, wọ́n á sì bèèrè gbogbo oògùn tí ẹni náà ń lò. Ẹni tó ń lo methadone, ìyẹn oògùn tí dókítà fi ń rọ́pò hẹrọ́ìnì, kò lè bọ́ sí i tààrà, nítorí methadone kì í tètè kúrò lára, òun náà sì ń dí ọkàn lọ́wọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi mọ́fínì rọ́pò rẹ̀ fún ìgbà kan. Díẹ̀ ni wọ́n máa ń fún aláìsàn láti fi dán ara rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní ìwọ̀n tó kún.

Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni ìran máa ń pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló sọ pé ṣe ni ìgbésí ayé àwọn ń kọjá lójú àwọn, ìgbà èwe, òkú ẹbí, ibi tí àwọn ti ṣẹ ẹlòmíràn. Ara kò ní gba kí wọ́n gbé orí sókè, torí òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á sì bì. Lẹ́yìn náà ni ìran á rọlẹ̀, tí ẹni náà á dùbúlẹ̀ láìsùn tí á máa ro gbogbo ohun tó rí, nígbà mìíràn di ọjọ́ kejì. Oorun kì í tètè padà.

Ọkàn

Iná ara ló ń mú kí ọkàn lù, pọtásíọ̀mù tó ń jáde gba ojú ihò tín-ín-tín sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọkàn sinmi kí ó tó tún lù. Ibogaine máa ń dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Ìsinmi á gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ìlù á dàrú, ọkàn sì lè dáwọ́ dúró lójijì. Ẹ̀dọ̀ tún máa ń sọ ibogaine di noribogaine, tí í máa wà lára fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà ewu kò tán nígbà tí ìran bá tán. Àwọn oníwádìí kó àkọsílẹ̀ ikú 19 jọ tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1990 sí 2008 lẹ́yìn ìlò ibogaine, láìka ti Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú ti ní àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀, tàbí kí oògùn mìíràn ti wà lára wọn.

Ewu kejì wà tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Ara ẹni tó ti jáwọ́ kò lè gba ìwọ̀n hẹrọ́ìnì tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá padà délé, tí ó bá àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ pàdé, tí ó sì lo iye tó mọ̀, èémí rẹ̀ lè dá. Fún ìdí yìí, ibùdó tó ń gbé aláìsàn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ keje láìsí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn nílé kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ìwádìí ti rí

Èèyàn 30 ni àwọn oníwádìí tẹ̀ lé lẹ́yìn ìtọ́jú ní Mẹ́síkò, tí àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 2018. Lẹ́yìn oṣù kan, ìdajì wọn ló sọ pé àwọn kò lo hẹrọ́ìnì tàbí irú rẹ̀ láti ìgbà náà. Ní New Zealand, níbi tí dókítà ti lè kọ ibogaine fún aláìsàn, èèyàn 14 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún kan. Ọ̀pọ̀ wọn dín oògùn kù tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, ẹnì kan sì kú nígbà ìtọ́jú. Ní Bràsíl, ìtàn àwọn 75 tí ọtí, igbó àti kokéènì ti di bárakú fún ni wọ́n wò, nínú ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ti tọ́jú wọn. 61 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló jáwọ́, kò sì sí ẹni tó kú. Ní oṣù kìíní 2024, àwọn oníwádìí Stanford ròyìn lórí 30 ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọpọlọ wọn ti fara gbọgbẹ́, tí wọ́n gba ibogaine pẹ̀lú magnẹ́síọ̀mù ní Mẹ́síkò. Ìbànújẹ́ àti ìpayà wọn dín kù gidigidi, kò sì sí ẹni tí ọkàn dà láàmú nínú wọn.

Kò sí èyí tó fi ẹgbẹ́ mìíràn tí kò gba ibogaine ṣe àfiwé nínú ìwádìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iye èèyàn inú wọn sì kéré. Methadone àti buprenorphine ni oògùn tí ẹ̀rí fi hàn dájú pé wọ́n ń dín ikú kù láàárín àwọn tí hẹrọ́ìnì di bárakú fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò wọ́n. Ẹni tó bá pa wọ́n tì nítorí ìlérí òru kan ṣoṣo ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, ó sì dun ni pé àwọn ibùdó kan ń sọ fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Texas ya 50 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ ní 2025 fún ìdánwò ibogaine, lẹ́yìn tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti forí ṣánpọ́n ní Kentucky.

Iboga kọ́ ni ewéko kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò báyìí. Ní Tarapoto ní Pẹrú, ibùdó Takiwasi, tí dókítà ará Faransé Jacques Mabit dá sílẹ̀ ní 1992, ń fi ayahuasca, ìyẹn àgbo igbó Amásónì tó ń múni rí ìran, àti àwọn ewé ìbílẹ̀ tọ́jú bárakú. Oṣù mélòó kan ni aláìsàn ń gbé níbẹ̀, ìyẹn sì súnmọ́ ìṣe àwọn Bwiti ju ọ̀sẹ̀ kan ní etí òkun lọ. Psilocybin, tó ń ti inú irú olú kan wá, ni àwọn oníwádìí Johns Hopkins fún àwọn amusìgá 15 pẹ̀lú ìmọ̀ràn olóye. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 12 nínú wọn kò mu sìgá.

Egbò tó ń tán

Bí wọ́n bá hú egbò iboga tán, igi náà kú. Bí àwọn ará òkèèrè ṣe ń béèrè rẹ̀ sí i, àwọn olè ń wọ igbó Gàbọ́n lóru láti hú u, àwọn nganga sì ń sọ pé èyí tí àwọn ń rí nítòsí ilé tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí àwọn ń rìn jìnnà wá. Púpọ̀ nínú ibogaine tí àwọn ibùdó ń lò kò ti inú iboga wá mọ́. Inú èèpo egbò Voacanga africana ni wọ́n ti ń yọ èròjà tí wọ́n ń sọ di í, igi náà sì ń hù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú, pàápàá ní Gánà tí wọ́n ti ń tà á sí òkèèrè. Ìdílé igi kan náà ni iboga, Voacanga àti asofẹ́yẹjẹ, èyí tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi egbò rẹ̀ tọ́jú àrùn ọpọlọ tipẹ́tipẹ́.

Gàbọ́n ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó sọ Àdéhùn Nagoya di òfin, èyí tó ní kí àwọn tó ni ìmọ̀ ewéko rí èrè nínú ohun tí wọ́n bá fi ṣe. Ìjọba ibẹ̀ dá títa iboga sí òkèèrè dúró ní 2019. Láti ìgbà náà, àwọn abúlé kan ti ń gbin iboga fúnra wọn, kí ó lè jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò ti rà á. Èyí tí wọ́n bá gbìn lónìí yóò lò tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí egbò rẹ̀ tó ṣeé hú.