Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń jó lóru: ìrora tí kò lọ lára ẹni tó ní HIV

Bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀ tó kọ ebè lójúmọ́ ní Ìjerò bá ń jó lóru, làkúrègbé ló máa pè é, á sì ra àdàpọ̀ oògùn aláwọ̀ mẹ́ta-mẹ́rin lọ́jà. Bó bá jẹ́ pé kòkòrò HIV wà lára rẹ̀, wàhálà dé nìyẹn.

Ìrora iṣan ìmọ̀lára ni irú èyí sábà máa ń jẹ́. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì ló ti ń bẹ̀rẹ̀ pa pọ̀: á máa ta bí ata, á máa gún bí abẹ́rẹ́, tàbí kó kú tipiri, á wá máa gòkè bọ̀. HIV fúnra rẹ̀ ń ba iṣan jẹ́. Stavudine, oògùn HIV ayé ìjelòó, náà bà á jẹ́, ìrora rẹ̀ sì lè ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Isoniazid tí wọ́n fi ń dènà ikọ́ ife ń dín fítámì B6 kù, ìdí tí wọ́n fi ń fi pyridoxine (fítámì B6 náà gan-an) mílígíráàmù 25 kún un lójoojúmọ́. Àtọ̀gbẹ náà ń fà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìgbáròkó kan ló ń dùn, tí ìrìn ń mú un le sí i, eegun ibẹ̀ lè máa kú. X-ray àkọ́kọ́ sì lè má rí nǹkan kan.

Paracetamol kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ìrora iṣan (hóró mẹ́jọ, mílígíráàmù 500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni òpin rẹ̀ fún àgbàlagbà lójúmọ́). Gabapentin ni dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ fún ni, díẹ̀ lálẹ́, kó tó máa fi kún un. Ó ń kunni lóorun, a kì í sì í já a lójijì.

Inú TLD, oògùn HIV tó wọ́pọ̀ báyìí, tenofovir àti dolutegravir wà níbẹ̀, kíndìnrín ló sì ń gbé tenofovir jáde. Ẹni tó bá ń lo oògùn ìrora bíi diclofenac tàbí ibuprofen fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan pẹ̀lú rẹ̀ ń fi kíndìnrín ta tẹ́tẹ́. Inú àdàpọ̀ ọjà yẹn gan-an ni wọ́n sì ń fi wọ́n pamọ́ sí. Carbamazepine, oògùn wárápá tí wọ́n tún ń lò fún ìrora iṣan, ń gba agbára lọ́wọ́ dolutegravir. Bí kò bá sí èyí tí wọ́n lè fi rọ́pò carbamazepine, dókítà á ní kí aláìsàn lo dolutegravir mílígíráàmù 50 láàárọ̀ àti 50 lálẹ́. Oògùn ọgbẹ́ inú tó ní magnesium tàbí aluminium ń dì mọ́ dolutegravir nínú ikùn: kí dolutegravir fi wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀, tàbí kó tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Nítorí náà, ẹni tó ń lọ sílé ìwòsàn ní Adó tàbí Ìdó, kó kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání, títí kan ìgò àgbo.

Ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri kò mọ omi gbígbóná. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí wọ́n fi tọ́ omi wò, kí wọ́n gbọn bàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́. Ẹ̀gún lè wọlé láàárọ̀ lóko, kí ẹlẹ́sẹ̀ má mọ̀ títí yóò fi wú.