Ta Ló Ń Ṣọ́ Òfin Má-Mu-Sìgá Nílé Ọtí?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2007 ni òfin ti ka sìgá mímu léèwọ̀ nínú ilé ọtí, ilé oúnjẹ, ọ́fíìsì àti ọkọ̀ èrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ireland ti ṣe tiwọn ní 2004, Scotland ní 2006. Kò sí ọlọ́pàá tí wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ọtí, síbẹ̀ ìjábọ̀ ọdún àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù yẹ̀ wò ló ń pa òfin náà mọ́.

Ẹni tí òfin náà di ẹrù lé lórí ló mú kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá mu sìgá níbi tí kò yẹ máa ń san 50 pọ́n-ùn. Tó bá tètè san án láàárín ọjọ́ 15, ó di 30. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bójú tó ilé ọtí náà, tó rí wọn tí kò sọ̀rọ̀, ilé ẹjọ́ lè bu ìtànràn tó 2,500 pọ́n-ùn lé e. Ìwọ tó ni ṣọ́ọ̀bù wá di ọlọ́pàá ara rẹ. O kó àwo eérú sìgá kúrò lórí tábìlì. O sọ fún oníbàárà pé kó pa á tàbí kó bọ́ síta. Bó bá takú, o kò ní gbé ọtí fún un mọ́. Àwọn oníbàárà tó kù náà kì í dákẹ́, nítorí èéfín yẹn kò dá ẹni tó ń fà á mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó tì í.

Àwọn tó ń lọ yẹ ibẹ̀ wò ni òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ti káńsù, irú àwọn tí à ń pè ní wolé-wolé nílé. Àmì òfin lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Wọ́n á gbóòórùn inú ilé. Wọ́n á wo ilé ìyàgbẹ́ àti ẹ̀yìn káńtà bóyá àjókù sìgá wà níbẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ ilé ọtí fúnra rẹ̀ lè máa mu ún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn.

Níta gan-an ni ìjà pọ̀ sí, lábẹ́ àwọn àtíbàbà tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ń mu sìgá. Ibi tó bá ní òrùlé, tí àyè tó ṣí sílẹ̀ lára ògiri rẹ̀ kò tó ìdajì gbogbo ògiri náà, inú ilé ni lójú òfin. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ṣeé ṣí tó ṣeé tì kò sí lára àyè tó ṣí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú àtíbàbà onígun mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 3, tó sì ga ní mítà 2. Gbogbo ògiri rẹ̀ jẹ́ mítà 24 níbùú lóròó. Odidi ẹ̀gbẹ́ méjì gbọ́dọ̀ ṣófo kó tó bófin mu. Bí òtútù bá wá mú, tí onílé ọtí fa tapólì bo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú méjèèjì, àtíbàbà náà ti di inú ilé, gbogbo ẹni tó ń mu sìgá lábẹ́ rẹ̀ sì ti rú òfin. Ìdí nìyí tí wolé-wolé fi ń mú tépù dání.

Àwọn káfẹ́ ṣíṣà, níbi tí wọ́n ti ń fi páìpù olómi fa èéfín, ló sábà ń há sí ibí yìí. Àwíjàre tí wọ́n máa ń mú wá ni pé ewé lásán ni wọ́n ń jó, kò sí tábà níbẹ̀. Òfin ti dí ihò yẹn pa: ohunkóhun tí ènìyàn bá tanná sí tó sì ń fa èéfín rẹ̀, abẹ́ òfin ló wà. Òru ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kún, nígbà tí ọ́fíìsì káńsù ti pa. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ 98 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ béèrè pé aago mélòó ni wọ́n lọ yẹ ibẹ̀ wò.

Afẹ́fẹ́ kì í purọ́ bí ẹnu. Ní Edinburgh àti Aberdeen, àwọn olùwádìí gbé ẹ̀rọ kékeré pamọ́ sínú báàgì, wọ́n wọ ilé ọtí 41 bí oníbàárà kí òfin Scotland tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì padà lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń ka eruku kíkúnná tó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Máíkírógíráàmù 246 nínú mítà afẹ́fẹ́ kan níbùú lóròó àti ní gíga ni wọ́n bá tẹ́lẹ̀. Ó já sí 20.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ṣini lọ́nà níbi tí jẹnẹrétọ̀ ń kù lẹ́yìn ilé tí alásun sì ń fẹ́ná lẹ́nu ọ̀nà, nítorí eruku ni gbogbo rẹ̀ ń tú sáfẹ́fẹ́. Bébà tí wọ́n fi kẹ́míkà rẹ, tí wọ́n gbé kọ́ fún ọjọ́ mélòó kan láti fa nikotíìnì, èròjà inú tábà, mọ́ra, ló dára jù ní irú ibẹ̀.

Tiwa náà ní òfin. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2014, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní 2015, àwọn ìlànà rẹ̀ sì jáde ní 2019. Wọ́n di ẹrù lé onílé lórí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n onílé ọtí tí kò tíì rí kí wolé-wolé bèèrè ọ̀rọ̀ sìgá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ládùúgbò rẹ̀ kò ní torí ìwé òfin lé oníbàárà tó ń náwó jáde. Ó yẹ kó dùn wá, torí ẹ̀mí ló wà níbẹ̀: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn ènìyàn tí kì í mu sìgá tó lé ní mílíọ̀nù kan ni èéfín sìgá ẹlòmíràn ń pa lọ́dọọdún.

Àwọn mìíràn rò pé yàrá ọ̀tọ̀ fún àwọn amusìgá ti tó. Ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2007 lábẹ́ àdéhùn àgbáyé lórí tábà sọ pé kò tó, fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù kankan kò sì lè fọ afẹ́fẹ́ náà mọ́. Èéfín ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí kiri sì gbọ́dọ̀ wọ yàrá yẹn láti gba owó àti láti kó ìgò, nígbà mélòó lálẹ́ kan ṣoṣo.