Spinning àbí baitcaster: kẹ̀kẹ́ okùn ló ni gbogbo ẹjọ́

Ẹ mú róòlù òwú ìránṣọ kan, ẹ gbé e nàró sórí tábìlì, kẹ́ ẹ wá máa fa òwú náà láti òkè. Róòlù ò ní mira, òwú á kàn máa bọ́ lórí ẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ mú róòlù yẹn kan náà, ẹ ki bírò bọ ihò àárín ẹ̀, ẹ di bírò yẹn mú lọ́tùn-ún lósì, kí ẹlòmíì wá máa fa òwú. Ní báyìí, àfi kí róòlù yí kí òwú tó jáde. Ẹni tó bá ti ṣe eré yìí ti rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín spinning àti baitcaster, oríṣi ríìlì méjì (ẹ̀rọ tó ń ká okùn lára ọ̀pá ìpẹja), gbogbo ìyókù tí àwọn èèyàn ń bára wọn jiyàn lé lórí, inú ibẹ̀ ló ti jáde.

Spinning ni ti àkọ́kọ́ yẹn. Abẹ́ ọ̀pá ló máa ń so rọ̀ sí, kẹ̀kẹ́ tí okùn wé mọ́ kì í yí tí wọ́n bá ń ju ìdẹ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ, bail ni wọ́n ń pè é, wọ́n á ṣí i, wọ́n á fi ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò há okùn mọ́ ọ̀pá, wọ́n á jù ú, ìka á yọ, okùn á sì máa bọ́ létí kẹ̀kẹ́ bí ìdẹ bá ṣe ń fà á lọ. Tí ìdẹ bá ti já sómi, tí kò fa okùn mọ́, okùn náà dúró, ọ̀rọ̀ parí. Ìdí nìyẹn tí ìdẹ kékeré tí kò ju gíráàmù 3 tàbí 5 lọ fi lè fò jìnnà lórí spinning, torí kò sí ẹrù kankan tó fẹ́ sún yàtọ̀ sí okùn tó ń fà.

Baitcaster jókòó sórí ọ̀pá ní tiẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹ̀ dùbúlẹ̀ lọ́nà ìbú, ìdẹ ló sì máa fipá jí kẹ̀kẹ́ yẹn lójú oorun. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kódà kò tó bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ gbọ́dọ̀ máa sáré yí lọ́nà tó jẹ́ pé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, á yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ìdẹ fífúyẹ́ ò lágbára ẹ̀. Láti nǹkan bíi gíráàmù 10 sókè ni ara baitcaster tó wọ́pọ̀ ti ń balẹ̀. Wọ́n ti ṣe àwọn kan tí kẹ̀kẹ́ wọn fúyẹ́ gan-an nítorí ìdẹ kékeré o, àmọ́ owó wọn kì í rọrùn, wọn ò sì yẹ lẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Wàhálà gan-an ni kí kẹ̀kẹ́ tó ti jí yẹn dúró. Ìdẹ tó wà lófuurufú, afẹ́fẹ́ ń dí i lọ́nà, eré ẹ̀ ń dín kù, kẹ̀kẹ́ ò mọ̀ ní tiẹ̀, ó ṣì ń yí bó ṣe ń yí bọ̀. Okùn tó ń tú sílẹ̀ wá pọ̀ ju èyí tí ìdẹ ń gbà lọ, àṣẹ́kù yẹn á rú sókè, á wé mọ́ra, kẹ̀kẹ́ á tún yí i mọ́lẹ̀, nígbà tó bá fi máa dúró á ti rí bí irun tí wọn ò yà láti oṣù mẹ́ta. Backlash nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń lo baitcaster tí kò tíì jókòó sétí omi máa tú u rí, ẹni tó bá ní òun ò ṣe é rí, ẹ wò ó dáadáa.

Nǹkan mẹ́ta ló ń dá kẹ̀kẹ́ yẹn lẹ́kun. Ọ̀kan ni kókó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yí ọwọ́ ríìlì, ó ń fún ọ̀pá àárín kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ni pé wọ́n á so ìdẹ tí wọ́n fẹ́ lò mọ́ ọn, wọ́n á tẹ bọ́tìnì tó ń tú kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ìdẹ gbọ́dọ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀, tó bá kan ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀ tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Tí wọ́n bá pààrọ̀ ìdẹ, wọ́n á tún un ṣe, ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣọ̀lẹ tí wọ́n á sì máa bú ríìlì.

Ìkejì ni búréèkì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, oríṣi méjì ló sì wọ́pọ̀. Àwọn kan ń lo àwọn nǹkan kéékèèké tó máa ń fò síta tí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré, wọ́n á máa ra òrùka kan lára, eré tó bá ti ń dín kù, rírà yẹn náà á dẹ̀. Àwọn tó kù ń lo máginẹ́ẹ̀tì, èyí sì dùn-ún wò torí pé kì í fara kan nǹkan kan. Kẹ̀kẹ́ alumíníọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ máginẹ́ẹ̀tì, àmọ́ tó bá ń yí nítòsí ẹ̀, iná mànàmáná kékeré á máa ṣàn nínú ara kẹ̀kẹ́ náà, iná yẹn ló ń fà á sẹ́yìn, bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni fífà náà ń pọ̀ sí i.

Àtàǹpàkò ni ìkẹta, òun sì lọ̀gá. Gbàrà tí ìdẹ bá fẹ́ kan omi, àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ ti tẹ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀. Tó bá ti lọ́ pọ̀, kí wọ́n má kánjú fà á tipátipá, kí wọ́n tẹ àtàǹpàkò mọ́ okùn tó rú yẹn, kí wọ́n yí ọwọ́ ríìlì bíi ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kí wọ́n rọra fa okùn jáde, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń tú.

Kí ló wá dé tí wọ́n tún ń rà á? Agbára ni. Lórí spinning, okùn gbọ́dọ̀ ṣẹ́rí lójijì kó tó wé mọ́ kẹ̀kẹ́, lórí baitcaster tààrà ló ń wọlé, nítorí náà ó rọrùn láti fi wọ́ ẹja ńlá jáde láàárín koríko omi àti igi tó rì. Ó tún gba okùn tó nípọn, ọ̀rá ìpẹja tó lè gba ẹrù páùn 12 sí 20 kó tó já ò jẹ́ nǹkan kan fún un, èyí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá wé e sórí spinning kékeré, líle ẹ̀ á máa jẹ́ kó ta kúrò lórí kẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀. Páùn 6 sí 10 ló bá irú spinning bẹ́ẹ̀ lára mu. Àtàǹpàkò tó ń dá ni láàmú yẹn náà ló sì ń jẹ́ kí wọ́n lè dá ìdẹ dúró lófuurufú kó já síbi tí wọ́n fojú sùn gẹ́lẹ́.

Spinning náà kì í ṣe ańgẹ́lì o. Tirẹ̀ ni pé okùn máa ń lọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń lọ́ okùn ìdì. Bail ló ń yípo kẹ̀kẹ́ láti wé okùn, nítorí náà tí ẹja bá ń fa okùn jáde, tí drag (búréèkì tó ń jẹ́ kí okùn jáde díẹ̀díẹ̀ kó má bàa já) ń sunkún, téèyàn ò yéé yí ọwọ́ ríìlì, lílọ́ ló ń kó jọ, ẹja ò sún mọ́tòsí rárá. Kí wọ́n fọwọ́ pa bail dé lẹ́yìn jíjù, kí wọ́n má fi yíyí pa á dé, kí wọ́n sì jẹ́ kí okùn kù díẹ̀, bíi mìlímítà 2 sí 3, kó tó kan etí kẹ̀kẹ́. Tó bá kún jù á máa já bọ́ lódindi, tó bá sì dín jù, etí yẹn á máa há a, ìdẹ ò ní rìn jìnnà.

Ní ti afẹ́fẹ́ tó ń kọjú sí èèyàn, tàbí òru tí wọn ò rí ibi tí ìdẹ ń já sí, spinning ló fọkàn balẹ̀ jù. Ọwọ́ ẹ̀ tún ṣeé yọ sí ọ̀tún tàbí òsì, ti baitcaster bí wọ́n bá ṣe rà á ló máa wà. Àwọn tó ń sọ pé baitcaster lọ̀gá ń lò, ariwo lásán ni, ìwọ̀n ìdẹ tí wọ́n ń jù jù ló yẹ kó pinnu. Nọ́ńbà yẹn sì sábà máa ń wà lára ọ̀pá, lókè ibi tí wọ́n ń dì mú, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà, torí ọ̀pá àwọn méjèèjì ò jọra: ti spinning, òrùka tí okùn ń gbà kọjá wà lábẹ́, èyí àkọ́kọ́ sì fẹ̀ torí okùn tó ń jáde ní yíyípo, ti baitcaster wà lókè, wọ́n kéré, kókó kan sì yọ sísàlẹ̀ níbi ìdìmú tí ìka ń há mọ́.